Ṣé Ó Yẹ Kí Ẹ Ra Kọ́ńbò Gìtá Tó Ń Bá Fóònù Ṣiṣẹ́? Ìtọ́sọ́nà fún Onígìtá ní Abẹ́òkúta

Kọ́ńbò gìtá, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde láti inú sípíkà rẹ̀, èyí tó ń bá fóònù ṣiṣẹ́ ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ onígìtá ń fẹ́. Ẹ̀rọ kékeré ni, ó lè jókòó sórí tábìlì, kọ̀ǹpútà kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń ṣe àfarawé ohùn oríṣiríṣi kọ́ńbò ńlá àti ti àwọn pedal (ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà), ó sì ń gba àṣẹ láti orí fóònù nípasẹ̀ Bluetooth. Spark ti ilé-iṣẹ́ Positive Grid àti THR-II ti Yamaha, tó jáde ní ọdún 2019, wà lára àwọn tí orúkọ wọn wọ́pọ̀ jù. Owó gidi ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni, pàápàá nígbà tí dọ́là bá gbówó lórí, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó ti ní gìtá lọ́wọ́, tó ń gbé ní Abẹ́òkúta, tí kò sì fẹ́ kábàámọ̀ lẹ́yìn tó bá ti sanwó tán.

Àwọn tó ń polówó ẹ̀rọ yìí máa ń sọ iye ohùn tó wà nínú rẹ̀. Lójú tèmi, ìbéèrè méjì ló ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ fún wa níhìn-ín. Àkọ́kọ́, kí ló kù tí ẹ̀rọ náà lè ṣe nígbà tí kò bá sí iná, tí dátà ti tán, tí fóònù sì ti kú? Ìkejì, ṣé irú orin tí ẹ̀yin ń ta ni ẹ̀rọ náà lè ràn yín lọ́wọ́ láti kọ́? Àwọn ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí ni mo fi ń wá ìdáhùn sí méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ibi tí ẹ ó ti máa ta gìtá yín

Ilé ni wọ́n ṣe kọ́ńbò yìí fún. Bí ẹ bá ń gbé nínú ilé oníyàrá púpọ̀ ní Ìjemọ̀ tàbí Kémta, níbi tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín yín àti ọmọ ìkókó aládùúgbò, tàbí bí ẹ bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB tó gba yàrá sí agbègbè Camp, àǹfààní tó tóbi jù lọ nínú rẹ̀ ni pé ohùn rẹ̀ máa ń kún dáadáa bí ẹ bá tilẹ̀ yí i sílẹ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ kọ́ńbò ńlá kì í rí bẹ́ẹ̀, ohùn wọn kì í jáde bó ṣe yẹ àfi bí a bá ṣí wọn sókè, ẹnikẹ́ni kò sì lè ṣe ìyẹn ní aago mẹ́wàá alẹ́ kí àwọn ará ilé má bínú.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé kọ́ńbò tí ẹ ó máa gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi tàbí sí òde àríyá ni ẹ ń wá, ẹ má rà á. Sípíkà tó jẹ́ ínǹṣì 4, bíi méjì tó wà nínú Spark 40, tàbí ínǹṣì 2 tó wà nínú Spark GO, kò lè dúró ti onílù drumset àti onígángan kí wọ́n má bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí iye wáàtì tàn yín jẹ. Ìyàtọ̀ ariwo tó wà láàárín wáàtì 5 àti wáàtì 10 kò ju desibẹ́ẹ̀lì 3 lọ. A ní láti sọ wáàtì di ìlọ́po mẹ́wàá kí etí tó gbọ́ ọ bí ẹni pé ariwo náà ti di ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá fẹ́ lo ẹ̀rọ kan ṣoṣo nílé àti ní ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ wá èyí tó ní ojú line out tí a lè fi wáyà so mọ́ míkísà, bíi THR30II, kí sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì lè ṣe iṣẹ́ tó kù. Ẹni tó ń ta bass náà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Okùn E tó wà nísàlẹ̀ lára gìtá bass jẹ́ nǹkan bíi 41 Hz, sípíkà kékeré kò sì lè gbé ohùn tó rinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ jáde bó ti wù kí ohun tó wà lójú fóònù lẹ́wà tó.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yẹ gìtá yín wò

Èyí kò gba àkókò. Bí ó bá jẹ́ box guitar tí kò ní pickup (ohun tó ń gba ìró okùn sínú wáyà) ni ẹ ní, kò sí ojú tí ẹ ó ti wáyà bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ náà kò sì ní í wúlò fún un. Bí okùn gìtá yín bá ti dípẹtà, tàbí tó ga sókè lórí ọrùn gìtá débi pé ìka ń dùn yín kí orin kan tó parí, owó okùn tuntun àti owó ẹni tó máa tún gìtá náà ṣe ló yẹ kó ṣáájú. Kọ́ńbò kankan kò lè tún ohùn gìtá tí okùn rẹ̀ kò bára mu ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ọ̀rọ̀ iná

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. IBEDC ló ń pín iná fún wa ní Abẹ́òkúta, ìlànà tí wọ́n sì fi pín àdúgbò sọ́tọ̀ ni pé Band A yẹ kó rí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, Band B 16, Band C 12, Band D 8, Band E 4. Ẹ wo èyí tí ilé yín wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì ro àkókò tí iná náà máa ń wá, nítorí wákàtí 8 tó bá dé lọ́sàn-án nígbà tí ẹ wà níbi iṣẹ́ kò ṣàǹfààní fún ẹni tó jẹ́ pé alẹ́ ló ń ráyè ta gìtá.

Ẹni tí iná rẹ̀ kò dúró gbọ́dọ̀ ra èyí tó ní bátìrì, àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà kò sì rí bákan náà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Spark 40 kò ní bátìrì rárá. Bí iná bá lọ, ìdánrawò parí. Spark GO ní bátìrì tó lè gbé e fún nǹkan bíi wákàtí 8, wáàtì 5 ni, ojú USB-C ni a sì ti ń gba iná sí i, nítorí náà power bank tí ẹ fi ń gba iná sí fóònù lè gba iná sí òun náà. Spark MINI jẹ́ wáàtì 10, òun náà ní bátìrì. THR30II Wireless ní bátìrì nínú, ṣùgbọ́n wáàtì 30 tó ń gbé jáde lórí iná máa ń wá sílẹ̀ di 15 nígbà tó bá wà lórí bátìrì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka nọ́ńbà àti orúkọ tó wà lára páálí dáadáa, nítorí olùtà lè pe gbogbo wọn ní Spark láìsọ èyí tó jẹ́.

Bátìrì lithium tó wà nínú irú ẹ̀rọ báyìí kì í wà bákan náà títí. Lẹ́yìn tí a bá ti gba iná sí i tán tó nǹkan bí ìgbà 300 sí 500, iye wákàtí tó lè lò máa ń dín kù, ooru sì máa ń mú kí ó tètè rẹ̀. Ẹ má fi í sínú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn ní Kútọ̀ tàbí ní Pánṣẹ́kẹ́. Bí ẹ bá ń ra tòkunbọ̀, ẹ mọ̀ pé ẹnì kan ti lo apá kan nínú ọjọ́ ayé bátìrì náà kí ó tó dé ọwọ́ yín.

Lẹ́yìn bátìrì ni fóltéèjì. Iná tiwa jẹ́ fólìtì 230, 50 Hz. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, 60 Hz. Ẹ yí adapter náà padà kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí abẹ́ INPUT. Bí ẹ bá rí 100–240V, kò sí wàhálà. Bí ẹ bá rí 120V nìkan, ẹ kò gbọdọ̀ kì í bọ ojú iná ilé yín láìsí tranfọ́mà, nítorí kíá ni yóò jóná, kò sì sí ohun tí olùtà máa dá padà fún yín lórí ìyẹn. Bí adapter tó wà nínú páálí kì í bá ṣe ti ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ẹ fi fólìtì àti ámpù tó wà lára rẹ̀ wé èyí tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀rọ, kí ẹ sì wò ó bóyá ojú pọ́sítíìfù wà láàárín tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ohun kan tún wà tí àwọn onígìtá máa ń dá ẹ̀bi rẹ̀ fún kọ́ńbò nígbà tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ìyẹn ni ariwo tó ń kùn lẹ́yìn orin. Inverter tí kì í ṣe pure sine wave (èyí tí iná rẹ̀ ń lọ geere) máa ń mú un wá, jẹnẹrétọ̀ kékeré náà máa ń mú un wá, pickup single coil (èyí tó ní ìdì wáyà kan ṣoṣo) sì máa ń gba gbogbo rẹ̀ sára. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ yọ ẹ̀rọ náà kúrò lójú iná kí ẹ lò ó lórí bátìrì. Bí ariwo náà bá lọ, iná yín ló ní ìṣòro. Bí kò bá lọ, ẹ yí ara yín padà síhìn-ín sọ́hùn-ún tàbí kí ẹ sún kúrò nítòsí inverter, ẹ ó rí i pé ó máa dín kù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Fóònù yín àti app

Kí ẹ tó náwó kankan, ẹ lọ sórí Play Store tàbí App Store kí ẹ gba app ẹ̀rọ tí ẹ ní lọ́kàn sórí fóònù tí ẹ̀ ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́. Ọ̀fẹ́ ni. Bí Play Store bá sọ pé fóònù yín kò bá a mu, ọ̀rọ̀ ti yé yín láìtíì jáde nílé. Bó bá wọlé, ẹ ṣí i, kí ẹ wo bóyá fóònù náà ń lọ́ra tàbí ń gbóná. App tó bá ń gbé fídíò YouTube jáde tún máa ń jẹ dátà, ẹ sì gbọ́dọ̀ ka owó dátà náà mọ́ owó ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ béèrè ohun tó ṣẹ́kù bí kò bá sí fóònù. Ẹ̀rọ tó dára máa ń ní bọ́tìnnì tí a lè fi yan ohùn tí a ti tọ́jú sínú rẹ̀, àti èyí tí a lè fi yí fólúùmù láìfọwọ́ kan fóònù. Mustang LT25 ti Fender, tó jẹ́ wáàtì 25 pẹ̀lú sípíkà ínǹṣì 8, ní ojú kékeré tirẹ̀ lára tí a ti lè yan gbogbo ohùn rẹ̀. Iná nìkan ni kò lè ṣe láìní. Mo fẹ́ràn irú ìlànà bẹ́ẹ̀. Ọkàn mi kì í balẹ̀ sí ẹ̀rọ tí ìdajì agbára rẹ̀ wà nínú app, nítorí ilé-iṣẹ́ lè dá iṣẹ́ dúró lórí app nígbà tó bá wù wọ́n, fóònù tuntun tí ẹ bá rà lẹ́yìn ọdún díẹ̀ sì lè má lè ṣí i mọ́, nígbà tí kọ́ńbò lásán tí bàbá ẹnì kan rà ní bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ṣì ń dún. Oníṣẹ́ rédíò tó mọṣẹ́ lè tún irú kọ́ńbò àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe. Èyí tó ní kọ̀ǹpútà nínú, pátákó rẹ̀ kéré, àwọn èròjà ara rẹ̀ kò sì sí ní ọjà, bó bá bàjẹ́, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó rí i tún ṣe.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ṣé orin yín wà nínú rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká wo jùjú. Nínú ẹgbẹ́ King Sunny Adé tàbí ti Ebenezer Obey, ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn wa, gìtá kan kọ́ ló ń dún. Lead wà, tenor wà, rhythm wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sọ gbólóhùn kúkúrú tirẹ̀, tí wọ́n sì ń wọ inú ara wọn. Ohùn gìtá wọn mọ́ kedere. Highlife náà rí bẹ́ẹ̀, àti seben (ọ̀nà ìta gìtá tó wá láti Congo) tí wọ́n ń ta nígbà ìyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ nínú ohùn tí àwọn ilé-iṣẹ́ kó sínú kọ́ńbò wọ̀nyí jẹ́ ti rọ́ọ̀kì àti blues, tí gìtá ń ké tàbí tó ń ya. Ohun tó yẹ kí ẹ wá ni ohùn mímọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó dára gan-an. Ẹ wá àfarawé kọ́ńbò Fender, ẹ sì wá ti Jazz Chorus tí Roland gbé jáde ní ọdún 1975, èyí tí chorus (tó ń mú kí gìtá kan dún bíi púpọ̀) wà nínú rẹ̀, tó sì sún mọ́ ohùn tí etí mi ń wá fún highlife ju àwọn tó kù lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá compressor (tó ń mú kí ohùn dọ́gba), delay (tó ń tún ohùn dún lẹ́yìn) àti reverb (tó ń mú kí ó dún bíi pé inú gbọ̀ngàn ni) wà níbẹ̀ tí ẹ sì lè yí wọn sí ìwọ̀n tó wù yín. Bí ìwọ̀nyí bá dára, àwọn ohùn ọgọ́rùn-ún tó kù kò já mọ́ nǹkan kan fún yín.

Spark ní iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Smart Jam. Ẹ ó ta kọ́ọ̀dù díẹ̀, app náà ó gbọ́ ọ, ó sì máa fi bass àti ìlù sí i kí ẹ lè máa ta gìtá lọ lórí rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni fún ẹni tó ń kọ́ rọ́ọ̀kì tàbí blues. Ṣùgbọ́n drumset ni ìlù tó ń lù, kì í ṣe gángan, kì í ṣe ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, kì í ṣe agogo, ẹni tó bá sì ń fi drumset nìkan kọ́ jùjú máa ń ta ohùn tó tọ́ ní àkókò tí kò tọ́. Iṣẹ́ Auto Chords, tó máa ń gbọ́ orin kí ó sì sọ kọ́ọ̀dù rẹ̀, náà ní ààlà. Ó lè sọ pé kọ́ọ̀dù A ni, kò lè sọ ohun tí tenor ń ṣe nínú kọ́ọ̀dù A náà, ibẹ̀ gan-an sì ni jùjú wà. Ọ̀pọ̀ àwo àtijọ́ tún máa ń dún ga díẹ̀ tàbí kí ó wálẹ̀ díẹ̀ ju bí a ṣe ń tune okùn gìtá lónìí, èyí lè mú kí ẹ̀rọ sọ kọ́ọ̀dù tí kì í ṣe òun.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi fún onígìtá tiwa ni pé kí ó wá looper dípò Smart Jam. Looper máa ń gba ohun tí ẹ ta sílẹ̀, á sì máa tún un dún léraléra. Ẹ lè ta rhythm sí i, kí ẹ gbé tenor lé e, lẹ́yìn náà kí ẹ wá kọ́ bí lead ṣe ń wọ àárín wọn, èyí tó jẹ́ ọ̀nà tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ jùjú fi ń kọ́ ara wọn, àyàfi pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú yàrá. Spark 2, tó jáde ní ọdún 2024, ní looper lára. Ní ti ìlù, ẹ bẹ onígángan kan tí ẹ mọ̀ kí ó lu ìlù lórí ìwọ̀n kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ fi fóònù gbà á sílẹ̀, kí ẹ sì máa gbé e gba inú kọ́ńbò jáde nípasẹ̀ Bluetooth. Kò sí app tó lè fún yín ní irú èyí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Headphone oníwáyà

Ẹ má retí pé ẹ ó lo earpiece Bluetooth láti fi gbọ́ gìtá yín. Bluetooth lásán sábà máa ń fa ohùn sẹ́yìn tó nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdù 100 sí 200. Nínú orin tó ń lọ ní ìlù 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, mílísẹ́kọ́ǹdù 500 ló wà láàárín ìlù kan sí òmíràn, nítorí náà bí ohùn bá fi 150 pẹ́, ọwọ́ yín àti etí yín kò ní í bára wọn mu mọ́. Orin tí ẹ ń gbé wọ kọ́ńbò láti orí fóònù kò ní ìṣòro yìí, nítorí wáyà ni gìtá yín fi ń wọlé. Ẹ fi owó headphone oníwáyà tó dára sínú ìṣirò yín láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sì ṣí i sókè jù. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé fún àgbàlagbà ni pé kí ohun tó ń wọ etí má ju desibẹ́ẹ̀lì 80 lọ fún wákàtí 40 láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ fi í wé ohun tó rọjú jù ú lọ

Mustang Micro ti Fender jẹ́ ohun kékeré tí a ń kì bọ gìtá tààrà, tí a sì ń fi headphone gbọ́. Zoom G1 FOUR jẹ́ pedal tó ń lo bátìrì AA mẹ́rin fún nǹkan bíi wákàtí 18, ìlù 68 wà nínú rẹ̀, looper ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá wà nínú rẹ̀, headphone ń wọ̀ ọ́, ó sì ṣeé gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti so mọ́ míkísà. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ẹni tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì tí owó rẹ̀ kò pọ̀, Zoom ni mo máa mú láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kò ní sípíkà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò nílò fóònù, kò nílò dátà, bátìrì rẹ̀ sì wà ní ṣọ́ọ̀bù tó sún mọ́ yín jù.

Ẹni tó yẹ kí ó ra kọ́ńbò onífóònù ni ẹni tó ń fẹ́ gbọ́ gìtá rẹ̀ láti inú sípíkà nínú yàrá rẹ̀, tó ti ń ta gìtá déédéé, tí fóònù rẹ̀ bá app mu, tó sì lè ra èyí tó ní bátìrì. Ó tún yẹ fún ẹni tó fẹ́ fi USB gba orin sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà láìra ẹ̀rọ mìíràn. Bí ẹ kò bá sí lára àwọn wọ̀nyí, ẹ fi owó yín pamọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Bí ẹ bá ti pinnu láti rà á

Bóyá ìlú wa níhìn-ín ni ẹ ti rí i, tàbí Alaba ní Èkó ni ẹ lọ, ẹ mú gìtá yín, wáyà yín, fóònù yín àti headphone yín dání. Ẹ yí fólúùmù gìtá sílẹ̀ pátápátá kí ẹ gbọ́ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń kùn. Ẹ yan ohùn mímọ́, kí ẹ ta kọ́ọ̀dù kan tó gùn, kí ẹ gbọ́ bóyá ó ń gbọ̀n tàbí ó ń já bí ó ṣe ń rọlẹ̀. Ẹ yí gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ lọ sókè sódò, ẹ rọra mi wáyà lójú tó wọ̀, ẹ so ó mọ́ app, kí ẹ sì rí i dájú pé ohùn tí ẹ tọ́jú sínú rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn tí ẹ bá pa á tí ẹ tún tàn án. Ẹ yọ ọ́ kúrò lójú iná kí ẹ lò ó lórí bátìrì fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, pàápàá bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, nítorí bátìrì tó ti kú máa ń fara hàn láàárín àkókò yẹn.

Bó bá jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ti rí ẹni tó ń tà á, ẹ má fi owó ránṣẹ́ kí ẹ tó rí ọjà. Ẹ pàdé rẹ̀ lọ́sàn-án níbi tí èrò wà tí ojú iná sì wà, kí ẹ dán an wò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí olùtà kọ orúkọ ẹ̀rọ náà, nọ́ńbà tó wà nídìí rẹ̀, àti iye ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà sínú rìsíìtì, kí ó sì fọwọ́ sí i. Láàárín àwọn ọjọ́ náà, ẹ lò ó lójoojúmọ́, lórí iná àti lórí bátìrì, kí ẹ má sì ju páálí rẹ̀ nù kí ọjọ́ náà tó pé.